Líìgì Méjìlá Tàbí Mẹ́tàlá: Bí Atukọ̀ Ṣe Kọ́ Láti Wọn Àṣìṣe Rẹ̀

Nínú àwọn ìwé òyìnbó tó kọ́kọ́ dárúkọ Ìjẹ̀bú, ìwé atukọ̀ ni èyí tó lókìkí jù. Duarte Pacheco Pereira, ọmọ ilẹ̀ Pọ́túgà, ló kọ ọ́ láàárín ọdún 1505 sí 1508, ó sì pè é ní Esmeraldo de Situ Orbis. Ọkùnrin yìí mọ etíkun wa. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ni òun ti dé Ìbìní. Ohun tó ń fi ìwé náà wá ni kí ẹni tó bá tukọ̀ kúrò ní Lisbon máa mọ ibi tó dé. Nígbà tó kan ẹnu omi Èkó, ó kìlọ̀ pé iyanrìn dí i, pé òkun ń fọ́ lórí iyanrìn náà fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, débi pé agbára káká ni ojú fi ń rí ọ̀nà àbáwọlé, àti pé ọkọ̀ kéékèèké tí kò ju tọ́ọ̀nù 30 sí 35 lọ nìkan ló lè gbabẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló wá sọ pé bí èèyàn bá gba orí omi náà lọ sókè tó líìgì 12 tàbí 13, yóò dé ìlú ńlá kan tó ń jẹ́ Geebu, tí yàrà ńlá yí ká, tí ẹni tó ń jọba ibẹ̀ nígbà náà sì ń jẹ́ Agusale. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí yóò ka Agusale tí kò ní gbọ́ Awùjalẹ̀, orúkọ oyè ọba Ìjẹ̀bú, nínú rẹ̀. Ó fi kún un pé ẹrú ni ọjà tí wọ́n ń tà jù níbẹ̀, ẹnì kan fún ẹ̀gbà idẹ 12 sí 15, pẹ̀lú eyín erin díẹ̀.

Àwọn òpìtàn ti jà lórí yàrà yẹn tó: ṣé Erédò Súngbọ́, yàrà tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ni àbí yàrà ìlú fúnra rẹ̀? Ẹrú àti ẹ̀gbà idẹ náà, wọ́n ti kọ ìwé lé wọn lórí. Èmi fẹ́ dúró lórí líìgì 12 tàbí 13.

Líìgì tí àwọn atukọ̀ Pọ́túgà ń lò nígbà náà, 17 àbọ̀ tàbí 18 rẹ̀ ni wọ́n gbà pé ó wà nínú dígíìrì kan lára ayé. Pacheco di 18 mú. Bí a bá fi ìwọ̀n ayé bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí pín in, líìgì kan yóò jẹ́ kìlómítà mẹ́fà lé díẹ̀. Líìgì 12 yóò tó kìlómítà 74, líìgì 13 kò sì ní ju 83 lọ. Láti ẹnu omi Èkó dé Ìjẹ̀bú-Òde, bí ẹyẹ bá fò ó ní tààrà, nǹkan bíi kìlómítà 73 ni.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sí ẹni tó ń fò lọ sí Ìjẹ̀bú láyé ìgbà náà. Ọkọ̀ ọ̀sà ni wọ́n ń wọ̀, wọn yóò gba ìhà ìlà-oòrùn lọ, kí wọ́n tó gúnlẹ̀ kí wọ́n sì fẹsẹ̀ wọ inú ìgbó. Ọ̀nà yẹn wọ́, ó sì jìn ju ti ẹyẹ lọ. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ròyìn fún Pacheco bu ọ̀nà náà kù, tí àṣìṣe kan sì pa àṣìṣe kejì rẹ́. Irú rẹ̀ pọ̀ nínú iṣẹ́ atukọ̀. Ohun tó mú mi dúró ni 'tàbí' tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì. Ọkùnrin náà mọ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n tán, ó sì sọ bí àìmọ̀ náà ṣe fẹ̀ tó: líìgì kan. Lójú tèmi, gbogbo ìtẹ̀síwájú tó bá ìmọ̀ ìtukọ̀ láti ìgbà yẹn wá, orí bí èèyàn ṣe ń sọ 'tàbí' yẹn ló dá lé.

Àwọn tó ni omi náà kò nílò líìgì. Láti Àgbádárìgì títí dé Màhín, ọ̀sà ni ọ̀nà ọjà, àwọn Ìjẹ̀bú, Ìlàjẹ, Ẹ̀gùn àti Ìjọ sì mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Ejìnrìn, Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú: àwọn ibi wọ̀nyí ni ẹrù ti ń bọ́ sílẹ̀ fún ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Níbi tí omi kò bá jìn, ọ̀pá ni wọ́n fi ń ti ọkọ̀, ọ̀pá yẹn kan náà ló sì ń sọ fún atukọ̀ bóyá ẹrẹ̀ ni òun gún tàbí iyanrìn, àti bóyá omi ti ń jìn. Apẹja tó ri ìgèrè sínú omi, tí kò fẹ́ kí olè rí àmì kankan, kàn wo igi gíga kan létí omi tó tò gẹ́lẹ́ pẹ̀lú òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo méjì mìíràn ní ìhà kejì, ó sì fi wọ́n sórí. Bí ó bá padà dé, tí igi méjì ti àkọ́kọ́ tò, tí méjì ìhà kejì náà tò, ìgèrè wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlà méjì tó pàdé lójú kan: títí di ìgbà tí ẹ̀rọ rédíò dé, atukọ̀ òkun tó ń wo ilẹ̀ kò ní ọgbọ́n mìíràn tó ju èyí lọ.

Ọ̀sà tún máa ń dárí ji ẹni tó bá ṣìnà, nítorí ó ní bèbè. Ẹni tí kùrukùru ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀nà Ejìnrìn mọ́ lára yóò forí ọkọ̀ sọ koríko etí omi kó tó pẹ́, yóò sì béèrè ibi tó wà lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ rí. Òkun kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1470 ni ọkọ̀ Pọ́túgà bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú etíkun wa kọjá. Nílé lọ́hùn-ún, ìràwọ̀ àríwá ni wọ́n fi ń mọ ìlà ìbú, ìyẹn bí wọ́n ṣe jìnnà sí agbedeméjì ayé tó: bí ìràwọ̀ náà bá ṣe ga tó lójú ọ̀run ni dígíìrì ṣe pọ̀ tó. Ní Lisbon, ó ga tó dígíìrì 39. Ní Èkó, mẹ́fà péré ni, níbi tí ìkùukùu àti eruku ọyẹ́ ti ń bo ìsàlẹ̀ ọ̀run. Ìràwọ̀ náà kò tilẹ̀ tíì súnmọ́ òpó ọ̀run nígbà náà bó ṣe súnmọ́ ọn lónìí. Ó fi nǹkan bíi dígíìrì mẹ́ta àbọ̀ jìnnà sí i, ó sì ń yí i po, tó fi jẹ́ pé ní Èkó gíga rẹ̀ lè wálẹ̀ dé mẹ́ta, ó sì lè lọ sókè títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá mọ apá ibi tó wà nínú àyípo rẹ̀ yóò ṣì tó nǹkan bí irínwó kìlómítà.

Ọba João Kejì kó àwọn onímọ̀ jọ sórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1485 ó rán José Vizinho, oníṣègùn tó jẹ́ Júù, wá sí etíkun Gíní láti wá fi oòrùn ọ̀sán wọn ìlà ìbú. Abraham Zacuto, ọ̀gá Vizinho, ló ti ṣírò ibi tí oòrùn ń wà lójoojúmọ́ láàárín ọdún; wọ́n tẹ ìṣirò náà ní ìlú Leiria ní 1496. Láti ìgbà náà, atukọ̀ lè gbé irin-iṣẹ́ onídẹ rẹ̀ sókè lọ́sàn-án gangan, kó wo gíga oòrùn, kó yọ ti inú ìwé kúrò, kó sì mọ ìlà ìbú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ọkọ̀ tó ń mì, ìdajì dígíìrì kò nira láti ṣì, kìlómítà 55 sì nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí Vasco da Gama fi sọ̀kalẹ̀ sórí ilẹ̀ ní gúúsù Áfíríkà ní 1497 kí ó tó wọn oòrùn níbẹ̀.

Ọgbọ́n yẹn ṣí òkun sílẹ̀ fún àwọn ará Pọ́túgà. Ní etíkun tiwa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúlò. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀: láti Ouidah dé Àgbádárìgì, láti Àgbádárìgì dé Èkó, láti Èkó dé Lẹ́kí, etíkun náà lọ tààrà láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ìlà ìbú gbogbo wọn wà láàárín dígíìrì mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 20 sí 25. Atukọ̀ lè wọn oòrùn láìṣì rárá, kó sì mọ̀ dájú pé òun wà níwájú etíkun, síbẹ̀ kó má mọ̀ bóyá Ouidah ló ń wò tàbí Lẹ́kí. Iyanrìn pẹrẹsẹ ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ìgbì tó ń fọ́ àti àgbọn lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí òkè, kò sí àpáta. Ìbéèrè etíkun Ìjẹ̀bú àti Èkó jẹ́ ìbéèrè ìlà òòró, èyí tó ń sọ bí èèyàn ṣe lọ síhà ìlà-oòrùn tó, kò sì sí ẹnikẹ́ni láyé tó ní ìdáhùn rẹ̀ fún ọ̀ọ́dúnrún ọdún tó tẹ̀ lé èyí.

Ohun tí wọ́n ní kò ju ìṣirò ìrìn lọ. Wọn yóò ju pátákó sómi lẹ́yìn ọkọ̀, okùn tí wọ́n ta kókó sí yóò máa tú tẹ̀ lé e, wọn yóò ka iye kókó tó jáde kí iyanrìn inú ìgò kékeré tó dà tán. Iye kókó ni iye máìlì òkun tí ọkọ̀ ń sá ní wákàtí kan. Wọn yóò wo kọ́ńpáàsì, wọn yóò sì fi sàmì sórí ìwé: a ti rin báyìí, síhà báyìí.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀, nítorí oríṣi àṣìṣe méjì ló wà nínú iṣẹ́ yẹn, ìwà wọn kò sì jọra rárá. Oríṣi kan ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún: ẹni tó ń ka kókó pẹ́ díẹ̀ lónìí, ó yá díẹ̀ lọ́la, ẹni tó di àjẹ̀ ìdarí mú yà sọ́tùn-ún, ó tún yà sósì. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ máa ń pa ara wọn rẹ́ lójú ọ̀nà. Bí èèyàn bá ṣe ìṣirò lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún, àròpọ̀ àṣìṣe náà kì í sábà ju ìlọ́po mẹ́rin ti ẹyọ kan lọ. Oríṣi kejì kì í yà: ìhà kan ṣoṣo ló ń fà sí. Ìṣàn omi òkun tó wà níwájú etíkun Gíní ń lọ sí ìlà-oòrùn, ó sì máa ń sáré tó máìlì òkun kan sí méjì ní wákàtí. Pátákó tí wọ́n jù sómi ń bá ìṣàn náà lọ, ọkọ̀ pẹ̀lú ń bá a lọ, kókó kò sì lè rí i. Ìṣàn tí kò ju máìlì kan lọ ní wákàtí yóò gbé ọkọ̀ ní kìlómítà 44 láàárín ọjọ́ kan. Ọjọ́ mẹ́ta lé díẹ̀, ọkọ̀ tó rò pé òun wà níwájú Ouidah ti dé iwájú Èkó. Lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún, àṣìṣe oríṣi yìí di ìlọ́po 16 gan-an.

Àwọn ògbó atukọ̀ kò mọ ìṣirò yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọgbọ́n rẹ̀. Wọn kì í darí sí ibi tí wọ́n ń lọ gan-an. Wọn yóò mọ̀ọ́mọ̀ kan ilẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, wọn yóò sì jẹ́ kí ìṣàn àti afẹ́fẹ́ gbé wọn bọ̀ létí ilẹ̀ títí wọn yóò fi rí ohun tí wọ́n ń wá. Ẹni tó bá kọjá ibi tó ń lọ ti wọ gbèsè, nítorí pípadà sí ìwọ̀-oòrùn lòdì sí omi àti afẹ́fẹ́ lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Wọ́n tún ní òjé: wọn yóò so ó mọ́ okùn, wọn yóò fi ọ̀rá kùn ún nídìí, wọn yóò sọ ọ́ sómi, ó ń sọ bí omi ṣe jìn, ọ̀rá náà sì ń kó ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn ìsàlẹ̀ bọ̀. Ọ̀pá ọ̀sà náà ni, okùn ló kàn mú un gùn ju ti ará ibí lọ.

Ní 1707, ọkọ̀ ogun mẹ́rin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọlu àpáta erékùṣù Scilly nítorí wọn kò mọ ibi tí wọ́n wà. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún èèyàn tó bómi lọ. Ọdún méje lẹ́yìn náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin tó fi owó ńlá dúró de ẹni tó bá lè mọ ìlà òòró lójú òkun. Ohun tó wù mí nínú òfin 1714 yẹn ni pé wọn kò sọ pé kí onítọ̀hún mọ̀ ọ́n gẹ́lẹ́. Wọ́n díye lé àṣìṣe ni: £10,000 bí kò bá ju dígíìrì kan lọ, £15,000 bí ó bá jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta dígíìrì, £20,000 bí ó bá jẹ́ ìdajì. Ìdajì dígíìrì ní ìlà ìbú tiwa jẹ́ kìlómítà 55. Ìjẹ̀bú-Òde fi nǹkan bíi kìlómítà 57 wà ní ìlà-oòrùn ẹnu omi Èkó. Ẹni tó bá wà ní Èkó tó sì rò pé ìlà òòró Ìjẹ̀bú-Òde lòun wà ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀bùn náà lódindi.

John Harrison, káfíńtà tó sọ ara rẹ̀ di alágogo, ló borí. Agogo rẹ̀ kẹrin lọ sí Jàmáíkà láàárín 1761 sí 1762. Lẹ́yìn ọjọ́ 81, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ló fi pẹ́. Bí agogo ṣe ń di ìlà òòró kò ṣòro. Ayé ń yí dígíìrì 15 ní wákàtí kan. Ẹni tó bá gbé agogo Greenwich dání, tó sì mọ ìgbà tí oòrùn kan àtàrí níbi tó wà, ìyàtọ̀ méjèèjì ló ń sọ bó ṣe jìnnà tó. Agogo ìjọba Èkó fi èyí hàn láyé àtijọ́: kí wọ́n tó mú wa wọ agogo Greenwich ní 1905, àkókò Èkó fi ìṣẹ́jú 13 àti àáyá 35 ṣáájú rẹ̀. Wọ́n tún padà sí i ní 1908, wọ́n sọ ọ́ di ìdajì wákàtí ní 1914, kó tó wá di wákàtí kan gbáko ní 1919. Oòrùn fúnra rẹ̀ kò bá wọn ṣe òfin: títí dòní, nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ló fi ń kan àtàrí ní Ìjẹ̀bú-Òde ṣáájú Èkó. Atukọ̀ tí agogo rẹ̀ bá fi ìṣẹ́jú méjì ṣìnà, irú àṣìṣe tó máa wọ̀ nìyẹn.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó jókòó sí Yúróòpù náà ń wá Ìjẹ̀bú lórí ìwé, ọ̀nà tiwọn sì yàtọ̀. Ní Paris, ní ìparí àwọn ọdún 1830, ọmọwé kan tó ń jẹ́ d'Avezac pàdé Osifekunde, ọmọ Ìjẹ̀bú tí àwọn ajínigbé jí gbé lórí omi ní 1820, tí wọ́n tà, tó sì ti lo nǹkan bí ogún ọdún lóko ẹrú ní Bràsíìlì. D'Avezac bi í léèrè orúkọ ìlú, odò àti ọjà, àti iye ọjọ́ tí ọ̀nà ń gbà, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ nípa àwọn Ìjẹ̀bú jáde ní 1845. Ẹ fojú inú wo irú ìwọ̀n tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ ìrìn kan lè jẹ́ kìlómítà 20, ó lè jẹ́ 35, ó wà lọ́wọ́ ẹrù, òjò àti ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn. Ó tún wá jẹ́ ìrántí ẹni tí kò rí ilé láti ogún ọdún. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní ọjọ́ ìrìn láti ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ti mọ̀ sí ibi kan tí kò mọ̀ lè fi wọ́n dínà mọ́ ọn títí yóò fi há sáàárín. Mo ka iṣẹ́ yẹn mọ́ iṣẹ́ atukọ̀, irin-iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló jẹ́ èèyàn, tí wọ́n fi ẹ̀tẹ́ gbé dé ibi tí wọ́n ti ń bi í léèrè ilé.

Òyìnbó tó wá wọn omi wa ní ojúkojú pọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Henry Mangles Denham wọn etíkun náà ní àárín àwọn ọdún 1840 pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń jẹ́ Avon. Ọ̀gbun abẹ́ òkun tó wà ní ìlà-oòrùn Èkó ń jẹ́ Avon dòní. Irú ọ̀gbun bẹ́ẹ̀ wúlò fún atukọ̀: bí òjé bá ń kan ilẹ̀ nígbà gbogbo, tó wá ṣàdédé ṣàìkàn án mọ́, ó mọ ibi tó wà. John Hawley Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, wá wọn ọ̀sà kó tó di ẹni tó ń ṣàkóso Èkó. Síbẹ̀ iyanrìn ẹnu omi tí Pacheco kìlọ̀ nípa rẹ̀ kò yéé ṣí kiri. Ìwọ̀n ọdún yìí lè di irọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn ọkọ̀ ńlá kò dán an wò. Forcados ni wọ́n ti ń já ẹrù Èkó sínú ọkọ̀ kéékèèké, àfi ìgbà tí wọ́n fi òkúta ṣe ògiri ńláńlá méjì wọnú òkun, iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1908, kí ọ̀nà tó dúró sójú kan.

Ọ̀sà tí wọ́n wọ̀n náà ni wọ́n gbà bá Ìjẹ̀bú jà. Ní oṣù Karùn-ún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọkọ̀ láti Èkó dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n gorí ilẹ̀, wọ́n jagun ní Ìmàgbọ̀n létí odò Yemọji, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ọdún 1892 yẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìwé Pacheco jáde ní Lisbon, lẹ́yìn tó ti wà ní àfọwọ́kọ fún nǹkan bí irínwó ọdún ó dín díẹ̀. Kò sí ohun tó so méjèèjì pọ̀. Mo kàn rò pé ó yẹ kí ọmọ Ìjẹ̀bú mọ̀ ọ́n.

Láàárín ìgbà náà, ohun kan ti ṣẹlẹ̀ lójú òkun tí mo kà sí pàtàkì ju agogo Harrison lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 1837, Thomas Sumner, ọ̀gá ọkọ̀ ará Amẹ́ríkà, ń súnmọ́ etíkun Ireland nínú ìjì. Ó ti pẹ́ tí kò rí oòrùn, ìlà ìbú rẹ̀ kò sì dá a lójú. Oòrùn yọjú fírí, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan. Nítorí kò mọ ìlà ìbú tí yóò lò, ó ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ìlà ìbú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó rí ojú ibi mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tò lórí ìlà kan tààrà, tí ìlà náà sì kọjá lára iná atọ́nà tó ń wá. Kò mọ ojú ibi tó wà lórí ìlà náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé orí rẹ̀ lòun wà. Ó kọjú ọkọ̀ sí i, ó sì rí iná náà. Ó tẹ ọ̀nà yìí jáde ní 1843. Pacheco sọ 'tàbí' lásán. Sumner fa ìlà sí i, ó sì tọ̀ ọ́ dé ilé. Ní 1875, Marcq Saint-Hilaire, ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Faransé, sọ ìṣirò náà di ohun tó rọrùn fún gbogbo atukọ̀.

Ìlà méjì ń pàdé lójú kan, kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn jiyàn. Ìlà mẹ́ta ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í sábà pàdé lójú kan. Onígun mẹ́ta kékeré ni wọ́n ń yà sórí ìwé, ọ̀pọ̀ atukọ̀ sì ń gbà pé inú rẹ̀ ni ọkọ̀ wà. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká fi owó ẹyọ mẹ́ta wò ó. Ibi tí ọkọ̀ wà ní tòótọ́, ojú kan ni. Ìlà kọ̀ọ̀kan lè gba ọ̀tún rẹ̀ kọjá, ó lè gba òsì rẹ̀, bí ẹyọ ṣe lè dojú bolẹ̀ tàbí kó ṣíjú sókè. (Mo mọ̀ pé ẹyọ kì í ṣe dọ́gba-dọ́gba tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀ fún tìtorí àpẹẹrẹ.) Ẹyọ mẹ́ta lè balẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́jọ. Bí àmì mẹ́ta tí a wò bá yí ọkọ̀ ká, ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣe bákan náà, gbogbo wọn lọ́tùn-ún tàbí gbogbo wọn lósì, nìkan ni onígun mẹ́ta náà yóò ká ọkọ̀ mọ́. Méjì nínú mẹ́jọ, ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mẹta nínú ẹ̀ẹ̀mẹrin, òde rẹ̀ ni ọkọ̀ wà.

Etíkun tiwa tún burú sí i. Ọkọ̀ tó wà níwájú Èkó, àríwá nìkan ni ilẹ̀ rẹ̀ wà. Kò sí àmì kankan lẹ́yìn rẹ̀ àfi òkun. Bí kọ́ńpáàsì rẹ̀ bá ní àléébù kan tó ń fa gbogbo ìlà síhà kan, inú onígun mẹ́ta yẹn gan-an ni ọkọ̀ kò ní sí. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ ìtukọ̀ fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ pé kó gbà pé igun tó súnmọ́ ewu jù lòun wà.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti fi ìpìlẹ̀ èyí lélẹ̀ ṣáájú. Legendre ní 1805 àti Gauss ní 1809 fi hàn bí a ṣe lè kó ọ̀pọ̀ ìwọ̀n tí kò bára mu jọ kí a sì rí èyí tó súnmọ́ òtítọ́ jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti sọ. Àṣìṣe kéékèèké pọ̀, ńláńlá ṣọ̀wọ́n. Ìwọ̀n mẹ́rin dín àṣìṣe kù sí ìdajì. Kó tó tún dín kù sí ìdajì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ìwọ̀n 16 la nílò. Ìwọ̀n tí àṣìṣe rẹ̀ bá jẹ́ ìlọ́po méjì ti ẹlòmíràn, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó wí ni kí a gbọ́. Gauss náà kò jókòó sí yàrá lásán: ó fi irú ìṣirò yìí yanjú ìlà òòró tí wọ́n fi àwọn agogo ọkọ̀ wọ̀n láàárín Altona àti erékùṣù Heligoland ní 1824. Nígbà tó yá, ojú ibi kan lórí ìwé di àyíká: ó di pé ọkọ̀ wà nínú àyíká báyìí nígbà 95 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀rọ sátẹ́láìtì GPS kò yí ìyẹn padà. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń ba ti ará ìlú jẹ́ kó lè ṣì tó ọgọ́rùn-ún mítà. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ ìyẹn dúró, àṣìṣe náà wálẹ̀ lóru ọjọ́ kan sí abẹ́ ogún mítà. Ọkọ̀ tó ń já èrò ní Ẹ̀pẹ́ lónìí, fóònù wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wà á. Àyíká tó yí àmì rẹ̀ ká lórí àwòrán ni 'tàbí' ti òde òní, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àwọn tó ń wò ó ló mọ ohun tó ń sọ. Àwọn tó ṣe Android kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbà 68 nínú ọgọ́rùn-ún ni onífóònù ń wà nínú àyíká náà. Nígbà kan nínú mẹ́ta, òde rẹ̀ ló wà.

Àṣìṣe tó fẹ̀ jù ní báyìí kò tilẹ̀ sí lójú ọ̀run mọ́. Àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà, láti ìgbà àwọn òyìnbó, láti ibùdó ìwọ̀n kan tó wà ní Minna ni wọ́n ti ń ka gbogbo nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n sì gbé e lé àwòṣe ayé tí Clarke ṣe ní 1880. Sátẹ́láìtì ń ka tirẹ̀ láti àárín ayé. Ojú kan náà lórí ilẹ̀, ìyàtọ̀ nọ́ńbà méjèèjì lé ní ọgọ́rùn-ún mítà, ìhà kan náà ló sì ń fà sí nígbà gbogbo bí ìṣàn omi òkun Gíní. Àwòrán òkun tó ti pẹ́ ní irú rẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ ìkìlọ̀ sí etí wọn. Sọ́fè ilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ṣì ń lo ti Minna. Ẹni tó bá gbé nọ́ńbà inú sọ́fè rẹ̀ sórí fóònù láìyí i padà, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀, ó ju ilé mẹ́ta lọ sí ibi tó rà, bẹ́ẹ̀ fóònù á máa sọ fún un pé àṣìṣe òun kò ju mítà márùn-ún lọ.